Ìjàpá Tí Kò Gbọdọ̀ Dákẹ́

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ irinṣẹ́ lásán, wọ́n ti di ẹnjiníà nìyẹn. Irú wọn ni Waliyullah, àbúrò ọkọ Ruqoyah. Ó ṣiṣẹ́ rí ní ilé iṣẹ́ ìgò kan ní Sango. Iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀ kò ju pé kó máa ṣí géètì fún tírélà lọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti kúrò níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tí kò lè sọ̀rọ̀ lé lórí. Fi jẹnẹrétọ̀ hàn án, yóò ní plọ́ọ̀gì ni. Fi fáànù hàn án, plọ́ọ̀gì náà ni.

Ruqoyah kò kà á sí èèyàn gidi. Àmọ́ gbogbo ọmọ ilé ọkọ, ọkọ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ aláìníláárí. "Ọkọ mi" ló ń pè é, ó sì ń kúnlẹ̀ kí i. Ohun tó ń pè é nínú ikùn rẹ̀, òun àti Ọlọ́run rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni ọkọ̀ ìjàpá, Fọkisiwágìnnì ayé àtijọ́ yẹn, tí Sírájúdéènì, ọkọ Ruqoyah, fi sílẹ̀ nínú ọgbà wọn ní Joju nígbà tó kú. Ọkọ̀ náà dàgbà ju Ruqoyah lọ. Òun ni Sírájúdéènì fi kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà, òun náà ló fi gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tó bí Toyibat, ọmọ wọn kan ṣoṣo. Kò sí ohun mìíràn nínú ilé tó tún ní òórùn ọkùnrin náà lára. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti ń ṣàìsàn: bó bá ṣáná, a wúkọ́, a sì kú. Waliyullah ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kù, kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń kó irin àlòkù lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ. Bàbá Ọ̀ṣìnúbí, olórí ẹbí, tó fẹ́ràn kí ilé ṣáà tòrò ju kí ó sọ òótọ́ lọ, wá dájọ́ pé bí ọkọ̀ bá lè rìn fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí Ruqoyah mú un. Bí kò bá rìn, kí Waliyullah pe àwọn onírin.

"Ìyàwó, má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú," ni Waliyullah wí. "Iṣẹ́ ẹnjiníà nìyí."

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi," ni Ruqoyah dáhùn. Ẹnjiníà géètì!

Ruqoyah mọ ikọ́ yẹn. Tápẹ́ẹ̀tì ni. Àwọn irin kéékèèké kan ló ń ti fáàfù, ilẹ̀kùn kékeré inú ẹ́ńjìnnì, kí ó lè ṣí, àlàfo díẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà láàrin wọn kí fáàfù náà lè rí àyè padé. Àlàfo yẹn ló ti dí. Àìmọye ìgbà ló ti bá ọkọ rẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é rí. Kí Sírájúdéènì tó tú u, á kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Bí ooru díẹ̀ bá wà lára rẹ̀, á ní, "Kò tíì sùn," á sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ Jímọ̀, Ruqoyah fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Ó tutù. Ó wọ abẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ, níbi tí ẹ́ńjìnnì ìjàpá máa ń wà, ó ṣí ìdérí, epo dúdú sì dà sí i níborùn. Ó fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì títí fáàfù fi padé. Ó fi sípánà tú nọ́ọ̀tì, ó fi sukudiráfà yí sukúrù àárín rẹ̀ kí àlàfo lè là, ó ki gééjì, irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, bọ inú rẹ̀, ó wá ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. "Ó gbọ́dọ̀ wọlé, kó sì lọ́ra láti jáde," bẹ́ẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ máa ń wí. Bó ti fún nọ́ọ̀tì pa, sukúrù náà yí tẹ̀ lé e, gééjì há. Ó tú u, ó tún un ṣe, ó tún há. Ó sunkún lábẹ́ ibẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí nọ́ọ̀tì nìkan. Lẹ́yìn náà ló rántí pé ńṣe ni Sírájúdéènì máa ń fi sukudiráfà di sukúrù náà mú bó bá ń fún un pa. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, gééjì sì jáde tìlọ́ratìlọ́ra. Ó ṣe ìyókù.

Lẹ́yìn ìrun, lójú gbogbo ẹbí, ọkọ̀ ṣáná. *Tá-tá-tá-tá.* Ìró àlàfo nìyẹn; Sírájúdéènì a máa ní ìjàpá tí ara rẹ̀ yá kò gbọdọ̀ dákẹ́. Ruqoyah wà á jáde, ó yí i po àdúgbò, ó sì wà á padà wọlé.

Ibi tí Waliyullah ti rí i pé ọkọ̀ dára nìyẹn, ó sì wọ̀ ọ́ lójú. Ọkùnrin tó fẹ́ yọ́ ọ láàárọ̀!

"Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ariwo yẹn?" ló wí. "Ẹ́ńjìnnì tó yá kì í pariwo. Kò tíì tún un ṣe rárá. Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin bá a pa á mọ́."

Bàbá Ọ̀ṣìnúbí họ irùngbọ̀n. "Ó dáa. Ẹni tó bá tún un ṣe, tó sì wà á dé ẹnu ọ̀nà mi ní Ìjù láàárọ̀ ọ̀la, òun ló ni ín."

Inú bí Ruqoyah gan-an. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kó sùn ná. Ó ṣì gbóná."

"Sùn? Ṣé ọmọ ọwọ́ ni?" Waliyullah rẹ́rìn-ín títí. Ó gba sípánà, ó sì fún gbogbo tápẹ́ẹ̀tì pa títí àlàfo fi tán pátápátá. Ẹ́ńjìnnì ṣáná, kò sì pariwo kankan. Bàbá pàtẹ́wọ́. Waliyullah wa ọkọ̀ lọ sí ilé rẹ̀ lápá kejì Joju, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ojú fèrèsé bí ọba.

Ruqoyah kò jẹun lálẹ́. Ó mọ ohun tó mọ̀, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àṣejù lásán ni Sírájúdéènì ń ṣe ńkọ́?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kó irinṣẹ́ sínú báàgì, ó gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀. Láti ìta ló ti ń gbọ́ wọn. Waliyullah àti àwọn aládùúgbò ń ti ọkọ̀ káàkiri ọgbà, òógùn bò ó. Ẹ́ńjìnnì ń yí fùẹ̀fùẹ̀, kò ṣáná. Ara ẹ́ńjìnnì tó tutù lóru ti súnkì mọ́ àwọn irin tápẹ́ẹ̀tì, kò sí àlàfo tí yóò gbà wọ́n mọ́, gbogbo fáàfù sì la ẹnu sílẹ̀.

"Òkú ni!" ni Waliyullah pariwo. "Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀!"

"Ṣé ẹ ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi, ọkọ mi?"

"Kó pàǹtí ẹ kúrò nílé mi!"

"Ẹ bá mi sọ ọ́ fún Bàbá."

Ìbínú ni kò jẹ́ kó ronú. Ó pe Bàbá Ọ̀ṣìnúbí lórí fóònù, ó sì sọ ọ́ létí gbogbo ayé pé òun kò fẹ́ ẹ, kí obìnrin náà máa gbé e lọ.

"Ó ti di ti Ruqoyah nìyẹn o," ni Bàbá wí.

Ruqoyah fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Ó ti sùn dáadáa. Ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì fún tápẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní àlàfo rẹ̀ padà. Kò sunkún lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tó yí kọ́kọ́rọ́, *tá-tá-tá-tá* gba gbogbo ọgbà kan. Orí rẹ̀ wú.

"Plọ́ọ̀gì ni," ni Waliyullah ń wí fún àwọn aládùúgbò. "Mo ti bá a nù ún tẹ́lẹ̀."

Ruqoyah wa ọkọ̀ dé ẹnu géètì, ó sì dúró. Ó yọ orí síta, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ìyàwó rere.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí géètì."

Waliyullah wo ọ̀tún, ó wo òsì. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ó lọ ṣí i, ó sì ṣí i dáadáa.