Ẹnu-Ọ̀nà Àárín

Ẹnu-ọ̀nà mẹ́ta ni ògiri òkúta tó wà níwájú yunifásítì wa ní. Ẹni tó bá gba ti àárín kó tó di ọjọ́ ìgboyè, wọ́n ní kò ní gboyè mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ni gbogbo wa ń gbà.

Ìyá àgbà mi, tí mò ń pè ní Màmá, gba ẹ̀gbẹ́ yẹn nígbà ọmọge, kí oyún ìyá mi tó dá wọn dúró. Wọ́n padà síbẹ̀ tòun tewú lórí, ẹ̀gbẹ́ náà ni. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá: òní ni ìgboyè wọn.

A débẹ̀, pákó la bá. Àwọn bíríkìlà ń tún orí ẹnu-ọ̀nà àárín ṣe.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀gbẹ́. Wọ́n ti ń pe orúkọ.”

“Ṣé akàn ni mí? Ẹ̀gbẹ́ ni mo gbà jáde láìgboyè. N kò gbà á wọlé lónìí.”

Ọ̀gá bíríkìlà sọ̀ kalẹ̀. “Ẹ kú oríire, ìyá. Àmọ́ òkúta lè já bọ́ o.”

Màmá kọjú sí ògiri, wọ́n ń kì í:

“Ilé ẹ̀kọ́ àgbà, a-gbó-má-gbàgbé,
ọmọ òkúta orí òkè tí kò sá fójò.
Ilé ìkàwé rẹ jóná, ó tún dìde.
Aago orí ilé gogoro rẹ ń sáré ju oòrùn lọ.
O mọ̀ mí ní wúndíá. Wò mí, mo ti dé!”

Ọ̀gá bíríkìlà bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ yọ pákó, ẹ̀yin èèyàn mi! Bí wọ́n bá ki èmi báyìí, ilé mi ni màá fún wọn!”

Ó bọ́ àṣíborí iṣẹ́ rẹ̀ pupa fòò, ó dé e sí Màmá lórí. Èmi gba fìlà ìgboyè dání. Màmá ní, “Olúwa, o ṣeun,” wọ́n sì kọjá bí ọba.

A sáré wọ gbọ̀ngàn. Orúkọ wọn ni wọ́n ń pè lọ́wọ́. Màmá ti gun pèpéle kí n tó rí i pé fìlà ṣì wà lábẹ́ apá mi.

Ọ̀gá àgbà yunifásítì nawọ́ láti yí okùn fìlà, kò rí okùn.

“Ìyá, kí lẹ kà gan-an?”

“Ìtàn ni, ọ̀gá. Àmọ́ òkúta ń já bọ́ nínú ìtàn ibí yìí.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi ìka kan àṣíborí náà, kọ́, kọ́, ó sì gbé ìwé ẹ̀rí lé wọn lọ́wọ́.