Ohun Tó Ṣẹ́kù Lórí Asẹ́

Dígí ni wọ́n ń pè mí, nítorí ògiri tí mo bá rẹ́, díẹ̀ ló kù kéèyàn máa wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Mi ò purọ́. Iyanrìn tí àwọn bíríkìlà yòókù ń jọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lèmi ń jọ̀ ọ́. Tí mo bá sì parí ògiri, mo máa ń tẹ àtàǹpàkò mi sí igun rẹ̀ kó tó gbẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà gba iṣẹ́ mi mọ́ mi lọ́wọ́.

Nígbà tí ìyá ìyàwó mi ta ilé wọn, tí wọ́n fẹ́ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa, igi ọsàn kékeré kan ṣoṣo ni wọ́n ní ká bá àwọn hú lẹ́yìnkùlé ibẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé. Mo fi sìmẹ́ńtì mọ ìkòkò ńlá kan, mo dá ihò sí ìdí rẹ̀, mo tẹ àtàǹpàkò mi sí i. Erùpẹ̀ tí mo rọ sínú rẹ̀, mo jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó kúnná lẹ́búlẹ́bú. Mo fọwọ́ sọ̀yà pé ọsàn kankan ò tíì rí irú erùpẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Kò pẹ́ tí a gbin igi náà sínú rẹ̀ ni ewé rẹ̀ pọ́n, tó ń rẹ̀ dànù. Omi tí a bá bù sí i á kàn dúró lójú erùpẹ̀ ni. Mo ní ká tún bu òmíràn sí i. Ìyàwó mi, aránṣọ tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, gbé igbá omi sílẹ̀. Ó ku oṣù méjì kí ìyá rẹ̀ dé, ẹ̀rù sì ń bà á.

Ó mú mi lọ síbi tí mo ń da èérí orí asẹ́ sí lẹ́yìn ilé: òkúta wẹ́wẹ́, èèpo igi, ewé tó ti jẹrà. Tòmátì tí ẹnikẹ́ni ò gbìn ti hù síbẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀.

“Bàbá ọmọ mi,” ó ní, “ògiri lẹ rẹ́ fún ọsàn yẹn. Gbòǹgbò rẹ̀ ò ráàyè mí.”

Ojú tì mí, àmọ́ òótọ́ ni. Nígbà tí a hú u, gbòǹgbò rẹ̀ ń rùn. Ìyàwó mi gé èyí tó ti rà kúrò, ó fi ilẹ̀dú díẹ̀ po ohun tí mo ti dà nù, ó sì tún un gbìn.

Lọ́jọ́ tí Màmá dé, ewé tuntun ti bo orí igi náà. Wọ́n ti ìka bọ erùpẹ̀ inú ìkòkò, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n bi mí pé ta ló pò ó.

“Ọmọ yín ni, Màmá.”

Orí mi wú ju ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pè mí ní Dígí lọ. Mo po sìmẹ́ńtì ẹ̀kúnwọ́ kan, mo fi bo àmì àtàǹpàkò mi lára ìkòkò náà, mo sì ní kí ìyàwó mi mú àtàǹpàkò tirẹ̀ wá.