Kànga Ẹ̀yìn Kíṣìnì

Ẹni tó fẹ́ ta ilé kò yẹ kó máa bẹ̀rù ẹni tó fẹ́ rà á. Síbẹ̀, àyà Juliana ń já ní òwúrọ̀ Sátidé kan lọ́dún 2006, nígbà tí Ìyìn àti Akínfẹ́nwá ọkọ rẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́ wá ní Fẹ́sítàkì, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ yẹ ilé náà wò finnífínní kí àwọn tó fọwọ́ síwèé. Kì í ṣe pé ó ń fi nǹkan pamọ́ nípa ilé. Ilé tí wọ́n ti kọ́ láti ayé ológun, ta ni kò mọ̀ pé ara rẹ̀ ò lè dá ṣáká? Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí wọ́n má lọ gbọ́ lẹ́nu ará àdúgbò pé ọmọ méjì ti kú níbẹ̀, kí wọ́n sì pẹ̀yìn dà. Ó ń wá bí yóò ṣe kúrò níbẹ̀ lójú méjèèjì. Múyìwá ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ku òun nìkan, yàrá àwọn ọmọ sì wà ní títì.

Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ kó yé yín. Àdúràolúwa ló kọ́kọ́ lọ lọ́dún 1994, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ibà ni, ìgbẹ́ gbuuru ni, wọ́n sáré títí, ọmọ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Omijé ò tíì gbẹ lójú wọn tí Níyìọlá àbúrò rẹ̀ fi tẹ̀ lé e. Ìyá àti bàbá náà ṣe àìsàn ọ̀hún, àmọ́ àwọn dùbúlẹ̀, wọ́n sì dìde. Ọdún yẹn gan-an ni Sẹ̀kínátù, ẹ̀gbọ́n Juliana, ọmọ ìyá rẹ̀, wá ń bá wọn gbé láti máa bá wọn tọ́jú ọmọ, kó sì máa bá wọn ṣiṣẹ́ ilé. Òun ló ń se oúnjẹ wọn, òun ló ń bu omi fún wọn mu.

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Wòlíì tí wọ́n lọ bá ò tilẹ̀ dárúkọ ẹnì kan. Ó kàn ní ọwọ́ tó ń bọ́ wọn ló pa wọ́n. Juliana ló fi ẹnu ara rẹ̀ parí ìyókù. Ó kó ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síta lójú gbogbo ayé, ó pè é ní àjẹ́, ó ní kò gbọdọ̀ dé ibi tí òun bá wà mọ́ láyé. Sẹ̀kínátù ò bá a jà. Ó gbé ẹrù lérí, ó gba ọ̀dọ̀ Àmúsà ọmọ rẹ̀ lọ ní Abúlé Adó. Ọ̀kadà kan péré ni láti Fẹ́sítàkì débẹ̀, àmọ́ fún ọdún méjìlá, ẹsẹ̀ Juliana ò tẹ ibẹ̀.

Ká padà sọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ ra ilé. Fẹ́sítàkì ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n mọ bí àwọn ilé náà ṣe máa ń ṣe. Akínfẹ́nwá gun orí àjà lọ wo páánù, ó wo wáyà iná, ó ń fi ìka kan ògiri, ó ń tẹ́tí. Ó ní páánù ti jẹrà, ògiri balùwẹ̀ náà sì ń fa omi. Juliana ní kò burú, gbogbo rẹ̀ ló ṣeé tún ṣe. Ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Oyún oṣù keje wà nínú Ìyìn ní tiẹ̀, kànga ẹ̀yìn kíṣìnì ló sì gbájú mọ́. Juliana ṣàlàyé fún un pé ìgbà tí omi ẹ̀rọ dákẹ́ ní Fẹ́sítàkì ni àwọn gbẹ́ ẹ, pé àwọn mu omi rẹ̀ nígbà kan, àmọ́ láti ìgbà tí píọ̀ wọ́tà ti dóde, aṣọ ni àwọn ń fi í fọ̀. Ìyìn ní kí Mà má bínú, ó ní nínú ilé tí àwọn háyà ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, omi ilé ìgbẹ́ ló ń wọnú kànga, àìsàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àwọn lọ kí àwọn tó mọ̀. Ó mú aró tí wọ́n fi ń rẹ aṣọ jáde nínú báàgì rẹ̀, ó pò ó mọ́ omi, ó dà á sínú ilé ìgbẹ́, ó sì da omi púpọ̀ tẹ̀ lé e. Juliana fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti kàwé jù.

Korobá tí wọ́n kọ́kọ́ fà, omi rẹ̀ mọ́ lóló. Juliana fún wọn ní mọ́ọ̀tì mu, wọ́n jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọmọ tó ń bọ̀. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, Akínfẹ́nwá tún fa omi. Omi tó gbé gòkè ti di aró.

Akínfẹ́nwá wá ọkọ́, ó gbẹ́ ilẹ̀ láàárín balùwẹ̀ àti kànga títí ó fi kan páìpù ìgbẹ́. Páìpù náà ti fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó gbẹ́ kànga ló fi irin gún un, tó wá fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ lẹ̀ ẹ́, tó da iyẹ̀pẹ̀ bò ó, tó gbowó rẹ̀, tó sì bá tirẹ̀ lọ láìsọ fẹ́nì kan. Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tó wà lónìí.

"Láti ìgbà wo?" Juliana bi í.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ ni, Mà."

Juliana jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọdún 1994 ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Nítorí wàhálà omi fífà náà ni wọ́n ṣe ránṣẹ́ sí Sẹ̀kínátù pé kó wá ran àwọn lọ́wọ́. Òótọ́ ni pé ọwọ́ Sẹ̀kínátù ló bu omi náà fún àwọn ọmọ. Àmọ́ ọwọ́ Juliana ló tọ́ka síbi tí wọ́n máa gbẹ́ ẹ, ó ní kó lè sún mọ́ kíṣìnì. Ìyìn rò pé ọ̀rọ̀ ilé tí kò ní tà mọ́ ló ń dùn ún, ó dì í mú, ó ní àwọn ṣì máa rà á, àwọn á dí kànga náà pa. Juliana ò tilẹ̀ gbọ́.

"Mo lé ẹ̀gbọ́n mi síta," ló ń wí ṣáá. "Mo lé ọmọ ìyá mi síta."

Lọ́jọ́ kejì, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Abúlé Adó, ó bèèrè ilé Àmúsà káfíńtà, wọ́n sì júwe rẹ̀ fún un. Sẹ̀kínátù jókòó lórí àpótí níta, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ó ti rù, irun rẹ̀ ti funfun. Ọmọ jòjòló kan ń ké lórí ẹní nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀. Dípò kó gbé e, ńṣe ló ké sí ìyá ọmọ, ìyàwó Àmúsà sì sáré jáde tòun tọṣẹ lọ́wọ́ wá gbé ọmọ rẹ̀. Juliana rí i, ṣùgbọ́n kò yé e.

Ó kúnlẹ̀ nínú iyanrìn. Ó ti múra sílẹ̀ de èpè, ó ti múra sílẹ̀ de ìgbájú pàápàá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, omi ni," ó wí. "Omi kànga wa ló pa wọ́n. Ìgbẹ́ ló ń wọnú ẹ̀. Ẹ ò mọwọ́mẹsẹ̀."

Ó ro gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Sẹ̀kínátù gbọ́ ọ tán, ó wò ó lójú. Súlíátù ni bàbá wọn sọ Juliana kó tó lọ́kọ, kó tó bọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ yẹn náà sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi pè é.

"Ṣé ó dá ẹ lójú, Súlíá?"

"Ó ṣojú mi, Ẹ̀gbọ́n mi."

Sẹ̀kínátù gbé igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Mo ti gbà fún ẹ tipẹ́," ó wí. "Mo ní àbúrò mi ò lè parọ́ mọ́ mi. Mo ní bóyá tí mo bá sùn ni mo máa ń lọ ṣe é, témi alára ò mọ̀. Láti ìgbà tí Àmúsà ti ń bímọ, mi ò fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn rí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n kú bíi tìẹ."

Juliana bú sẹ́kún. Ó yí gbiiri nílẹ̀, ó ní kó foríji òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun ti foríjì í, ó sì dájú pé òótọ́ ló sọ, èyí gan-an ló tún dun Juliana jù. Ìyàwó Àmúsà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Ó rìn wá láìsọ nǹkan kan, ó gbé ọmọ náà lé ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ Sẹ̀kínátù dúró lófuurufú, kó tó wá di ọmọ náà mú. Ọmọ dákẹ́. Ó ń wo ojú ìyá àgbà.

Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin kan tó ga dé láti ojú ọ̀nà. Ó rí ìyá àgbà rẹ̀ tòun tọmọ lọ́wọ́, ó sì dúró sójú kan, ó ń wò.

"Àkọ́bí wọn nìyẹn," Sẹ̀kínátù wí. Ó wo ọmọbìnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀. "Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Súlíá, ṣé èèyàn ṣì lè pọn ọmọ ọdún mẹ́wàá?"