Mítà Kan

Ẹ má dárúkọ bátìrì sí mi létí, ẹ jọ̀ọ́. Títọ́jú bátìrì ló kó mi síyọnu.

Ẹ̀rọ kékeré mẹ́fà la rì sínú odò kan lẹ́yìn ìlú Oǹdó, lókè odò, kí wọ́n máa wọn omi. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń ránṣẹ́ sí mi ní Àkúrẹ́, bátìrì wọn ò ní pẹ́ kú. Nítorí náà, ọ̀kan nínú wọn tí a fi ṣe olórí ló máa ń ṣe àròpọ̀ ohun tí gbogbo wọn wọ̀n, á pín in sí mẹ́fà, á sì fi iye kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí mi. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí orí kọ̀ǹpútà la fi ti iye náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i yí padà. Èmi Wúrà ni mo ṣe kọ́kọ́rọ́ náà, mo sì ń fi í yangàn.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, òjò ń dà ní Oǹdó. Bùrọ̀dá mi, Akínwùmí, pè mí. Ó ti mú Ìrètíolúwa ọmọ rẹ̀ níléèwé, wọ́n dé etí afárá onípákó tó wà nísàlẹ̀ odò yẹn kan náà.

"Wúrà, ṣé ká sọdá?"

Mo wo kọ̀ǹpútà. Mítà kan, bíi ti ojoojúmọ́. Bó bá ti tó méjì, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kan afárá yẹn.

"Ẹ sọdá, bùrọ̀dá mi. Kò séwu."

Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀, ara mi ò balẹ̀. Irú òjò yìí, omi ò sì lé rárá? Mo ní kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sọ tirẹ̀. Bí bátìrì máa kú, kó kú! Méjì sọ pé mítà mẹ́ta. Mẹ́rin sọ pé òfo. Mẹ́ta àti mẹ́ta, pín in sí mẹ́fà: mítà kan.

Yéè! Mo pe Tíṣà Adébùsóyè, àgbà tó ti fẹ̀yìntì, tó ń bá wa ṣọ́ ẹ̀rọ.

"Ọmọ mi, mo kó mẹ́rin wọlé láàárọ̀, kí òjò tó dé. Àwọn olè ń jí bátìrì kiri àdúgbò wa. Wọ́n wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi." Inú bàbá ń dùn.

Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Mo pe bùrọ̀dá mi, kò gbé e. Mo tún pè. Mo ń bú ara mi, mo ń pe Jésù. Ìgbà karùn-ún ló tó gbé e.

"Afárá ti lọ, Wúrà. Lójú wa báyìí."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ó wà níbí. Òun ni ò jẹ́ ká sọdá. Ó ní òun ń gbọ́ ariwo omi lókè odò, ó di òpó afárá mú. Mo gbá a létí, mo ní ṣé ó gbọ́n ju àǹtí rẹ̀ lọ ni."

Mo ní kó fún un ní fóònù. Ọmọ ọdún mẹ́fà, ó ṣì ń sunkún.

"Má bínú sí dádì," mo sọ fún un. "Àǹtí ni kò mọ̀."