Adìẹ Tó Kọ́kọ́ Rìn

Ní ilé wa ní Òwu, bí wọ́n bá gbé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán wọlé, adìẹ kan yóò bá a jìyà. Bí Àrìnpé ìyàwó mi ti ń ṣe é nìyẹn, bí bàbá rẹ̀ sì ti ṣe é títí tó fi kú nìyẹn. Yóò to eegun aláìsàn, yóò fi òrí ra á, yóò fi ọparun pẹlẹbẹ tí wọ́n hun bí ẹní kékeré dì í. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ kan ní ibi kan náà gan-an, yóò tò ó, yóò dì í bákan náà. Ọjọ́ tí adìẹ bá tẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀ tó rìn láìtiro ni yóò sọ fún aláìsàn pé, "Ó yá, dìde."

Mo ka ìwé mẹ́wàá, mo sì ṣe akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì. N kò mọ ohun tí ẹsẹ̀ adìẹ fi kan ẹsẹ̀ ènìyàn. Mo bi Àrìnpé nígbà kan. Ó ní, "Ẹni tó wà nínú ìrora kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Ó ń fẹ́ fi ojú rí nǹkan." N kò bi í mọ́.

Ọdún tó ṣáájú ikú Àrìnpé ni Harriet wá sí Abẹ́òkúta. Nọ́ọ̀sì ni, ọmọ Sàró ni, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń wá àwọn tó mọ ìṣègùn ìbílẹ̀ kiri, kí wọ́n lè yọ̀ǹda ara wọn lọ sí àwọn abúlé ilẹ̀ Sàró lọ́hùn-ún tí kò ní ọsibítù. Kò sí owó-oṣù níbẹ̀. Wọn yóò fún ọ ní ibi tí o máa sùn àti ohun tí o máa jẹ. Harriet jókòó ti Àrìnpé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa fún ọjọ́ púpọ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, àwọn ọkùnrin ń já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, ọ̀kadà ń gbé ènìyàn ṣubú, bí òjò bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà ọsibítù á di ẹrẹ̀. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kán, bó bá ṣe jinná ni yóò ṣe lò ó títí ayé.

Àrìnpé sọ pé òun yóò lọ. Kò lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru mú un lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àlàmísì kan, kí n tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ọsibítù.

Saidat nìkan ni ọmọ tí a bí. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà láti kékeré, ó sì mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Eegun tó bá yọ síta, kì í fọwọ́ kàn án, ọsibítù ló ń ní kí wọ́n gbé e lọ. Nígbà tí Harriet pè láti bá wa kẹ́dùn, Saidat sọ fún un lórí fóònù pé òun yóò wá rọ́pò màmá òun. Lẹ́yìn náà ló wá kúnlẹ̀ síwájú mi, ó sọ ọ́.

Mo ní, "N kò gbọ́."

Kò tún un sọ. Bí mo ti tọ́ ọ nìyẹn.

Òjò àkọ́rọ̀ ni ó bì mí ṣubú. Mo ń bọ̀ láti ibi tí mo ti ṣe àlùwàlá, orí àpáta ẹ̀yìnkùlé wa ń yọ̀, mo sì gbọ́ ìró ọrùn ẹsẹ̀ mi kí n tó gbọ́ ìrora rẹ̀. Wọ́n ya àwòrán eegun náà ní ọsibítù. Dókítà ní ó sán ni, kò yẹ̀. Ó fẹ́ fi símẹ́ńtì dì í. Mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sílé.

Saidat jókòó sí ìdí ẹsẹ̀ mi. Ó fi àtàǹpàkò wá ojú ibi tó sán, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó já bọ́ sórí ẹní. Àtàǹpàkò Àrìnpé ni. Mo kọjú sí ògiri.

"Ṣé ó dùn yín ni, Bàbá mi?"

"Ṣe iṣẹ́ rẹ."

Ó dì í tán, ó mú adìẹ pupa kan, ó ṣe èyí tí wọ́n máa ń ṣe. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tó ń bá Harriet sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ náà yóò gbéra ní ìparí oṣù. Bí Saidat kò bá dé Èkó kí wọ́n tó lọ, wọn yóò mú ẹlòmíràn.

Saidat ní, "Ọjọ́ tí bàbá mi bá rìn ni n óò wá."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò náà ṣe wá dá lé ẹsẹ̀ mi.

Ìyá Tawheed, aládìrẹ tó ń gbé ilé tó kàn wá, ló ń wá kí mi jù. Mọ̀nsúrát ni orúkọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ Àrìnpé ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Yóò gbé abọ́ oúnjẹ kalẹ̀, yóò wo èmi, yóò wo adìẹ.

"Bàbá Saidat, ẹ̀yin àti adìẹ yìí, ta ni yóò kọ́kọ́ sá jáde nílé yìí?"

"Adìẹ ni. Èmi kò ní ibi tí mò ń lọ."

"Ẹ ṣáà gbọ́ o! Àwa obìnrin ni wọ́n ní ká jókòó ṣe opó. Ẹ̀yin wá jí tiwa ṣe!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi etí ìró nu ojú. Omijé ẹ̀rín kọ́ ni gbogbo ohun tó nù.

Ó yá, n kò rí adìẹ náà mọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Saidat ní òun ti gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé kí ó má baà máa yàgbẹ́ sílé. Òwúrọ̀ ni mo máa ń bi í.

"Adìẹ ńkọ́?"

"Ó ṣì ń tiro, Bàbá mi."

Oṣù ń lọ sópin. N kò banújẹ́ pé adìẹ ń tiro. Mo sọ ọ́ bó ti rí.

Ní ọjọ́ kan tí Saidat lọ ra òrí ní ọjà, mo gbọ́ ariwo Ìyá Tawheed láti ẹ̀yìn. Ó wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun gbọ̀ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́, ó ń mí hẹlẹ.

"Ta ló fi apẹ̀rẹ̀ bo adìẹ mọ́lẹ̀, tó tún gbé òkúta lé e? Àánú ẹ̀ ṣe mí, mo ṣí i. Ó fo ògiri, ó bọ́ sínú ọpọ́n ẹ̀kọ tí mò ń yà sára aṣọ, ó wá ń yan káàkiri lórí iṣẹ́ mi bí ìyàwó ọ̀ṣìngín! Ẹ wò ó!"

Ó tẹ́ aṣọ náà sórí ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ń ya ọnà àdìrẹ ti ń gbẹ sí i, ojú ẹsẹ̀ adìẹ sì wà lára rẹ̀ láti etí dé etí. Ọ̀tún, òsì. Ọ̀tún, òsì. Gbogbo rẹ̀ ló tẹ̀ dọ́gba. Adìẹ tó ń tiro kò lè tẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Tawheed náà rí i.

"Saidat ni," ó ní.

"Ẹ fi aṣọ yẹn sílẹ̀ fún mi."

"Ẹ máa bá a wí?"

"Ìyá Tawheed, ẹ máa lọ sílé."

Mo jókòó ti aṣọ náà. Bí mo bá ká a, tí mo fi í sí abẹ́ ìrọ̀rí, oṣù yóò parí, ọmọ mi yóò sì wà nílé. N kò ní purọ́. Ẹlòmíràn ti pa á fún mi. Mo rò ó dáadáa, mo sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí àwọn aláìsàn tó ti jókòó sí orí àga tí mo wà yìí, tí ojú wọn kò kúrò lára adìẹ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Saidat wọlé. Ó rí aṣọ náà kí n tó sọ̀rọ̀. Ó gbé òrí kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ǹjẹ́ ìyá rẹ purọ́ fún aláìsàn rí?"

"Rárá, Bàbá mi."

"Bí o bá sọ fún ènìyàn pé adìẹ ń tiro, ó lè jókòó títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi gan. Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí o fi ṣe é?"

Ilẹ̀ ló ń wò.

"Mò ń gbọ́ yín lówùúrọ̀. Bí ẹ bá ti kírun tán, ẹ máa ń sọ pé, 'Àrìnpé, ilẹ̀ ti mọ́.' Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa dá yín lóhùn?"

N kò mọ̀ pé mo máa ń sọ ọ́ síta.

"Kò sí ẹni tó ń dá mi lóhùn báyìí," mo ní.

"Èmi ni. Mo máa ń dáhùn láti inú yàrá mi. Ẹ kì í gbọ́."

Mo na ẹsẹ̀ sí i.

"Tú u."

Ó tú ọparun náà. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀ yíká.

"Ó dùn yín?"

"Díẹ̀."

Ó nu ojú rẹ̀, ó gbé ohùn ìyá rẹ̀ wọ̀. "Ó yá, ẹ dìde."

Mo dìde. Ilé yí mi lójú, ó di ìgbọ̀nwọ́ mi mú, mo sì ní kó fi mí sílẹ̀. Mo rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo di férémù mú, mo padà. Láti òkè ògiri ni Ìyá Tawheed ti ń wò wá, ó sì pariwo, "Alihamudulilai! Ẹ wo ọkọ ìyàwó!"

"Pe Harriet," mo sọ fún Saidat.

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀—"

"Pe é níṣojú mi."

Harriet kí mi ní "kúṣẹ̀", bí àwọn Sàró ti máa ń kí ni, ó sì béèrè ẹsẹ̀ mi. Mo ní ó ti jinná, Saidat ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi rí i pé ó ń jẹun, nítorí bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára, kì í rántí oúnjẹ. Mo fún Saidat ní fóònù náà padà.

A tẹ̀ lé e dé gáréèjì Kútọ̀ ní ọjọ́ tó lọ, èmi àti Ìyá Tawheed. Ìyá Tawheed fún un ní ìró àdìrẹ kan, ó sì kìlọ̀ fún un nípa àwọn ọkùnrin Sàró títí gbogbo èrò ọkọ̀ fi ń rẹ́rìn-ín. Saidat kúnlẹ̀ síwájú mi nínú eruku gáréèjì. Mo ṣe àdúà fún un. Ó dìde, kò kúrò níbẹ̀.

"N kò fẹ́ kí o lọ," mo sọ fún un.

"Mo mọ̀, Bàbá mi."

"Máa lọ. Ọkọ̀ ti kún."