Fódà Tí Mo Gbá Dànù

Ìmọ́tótó ni àìsàn tèmi. Ẹ bi gbogbo àwọn tí mo kọ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n á sọ fún yín pé Tíṣà Saidat kì í gbà kí bébà kan ṣoṣo wà nílẹ̀ kíláàsì. Títí dòní, bí àlejò bá fi ife sílẹ̀ lórí tábìlì mi ní Kémta, kó tó dìde ni mo ti fọ̀ ọ́. Mo máa ń fi yangàn. N kò mọ̀ pé ìwà náà ló máa mú mi ṣe ẹ̀gbọ́n mi ní ohun tí ọ̀tá rẹ̀ kò ṣe é rí.

Àlímátù lorúkọ ẹ̀gbọ́n mi, ó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ní agboolé wa ní Ìjẹmọ̀. Ìyẹ́ adìyẹ ló máa ń tì bọ inú ẹ̀kọ láfún, á fi ya ilà lẹ́yìn ilà sórí aṣọ funfun, kó tó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú un. Àrà tí òun fúnra rẹ̀ ronú kàn lé ní ọgọ́fà. Aṣọ wọn ti tà tán, nítorí oníṣòwò kì í fi ọjà ṣe ẹ̀ṣọ́ ilé. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àwòrán tí mo máa ń yà kí aṣọ kọ̀ọ̀kan tó lọ sọ́jà nìkan ló kù.

Inú kọ̀ǹpútà mi nìkan sì ni àwòrán náà wà. Ní Ìtòkú, níbi ọjà àdìrẹ, bí o bá fi àrà tuntun han ènìyàn kan lórí fóònù láàárọ̀, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ogún ṣọ́ọ̀bù ti ń tà á. Ìdí nìyẹn tí Àlímátù fi kọ̀ jálẹ̀ pé kò gbọdọ̀ sí lórí fóònù, kò gbọdọ̀ sí nínú flash, ká má tilẹ̀ sọ ti WhatsApp. Bí mo bá ti kó àwòrán sínú kọ̀ǹpútà tán, á dúró lẹ́yìn mi títí n óò fi pa á rẹ́ nínú kámẹ́rà. Ọdún mọ́kànlá la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àwòrán yẹn ló fẹ́ fi kọ́ Haleemah, ọmọ ọmọ rẹ̀, tó gbà láti kọ́ iṣẹ́ náà.

Lọ́jọ́ kan, kọ̀ǹpútà náà kọ̀, kò ṣí mọ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Jedidiah, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Òkè-Ìléwó. Ó fi Windows tuntun sí i. Nígbà tí mo lọ gbà á, ó ní:

"Mọ́mì, ẹrù yín àtijọ́ ò sọnù o. Inú fódà kan tó ń jẹ́ Windows.old ni wọ́n wà. Ẹ tètè kó wọn jáde, wọn ò gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀."

Obìnrin báńkì kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. N kò fẹ́ kó mọ̀ pé ohun tí ọmọ náà ń sọ kò yé mi.

"Mo mọ ìyẹn," mo ní. "Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Ní ọjọ́ karùn-ún, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé àyè ti kún, pé update kò ríbi wọlé. Mo wo fídíò kan lórí fóònù mi, níbi tí ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn kan ti ń fi bí wọ́n ṣe ń gbá àṣẹ́kù update dànù han àwọn ènìyàn. Mo ń tẹ̀ lé e. Ohun tó gba àyè jù lọ nínú ohun tí wọ́n tò síbẹ̀ ni ẹrù Windows àtẹ̀yìnwá. Àtẹ̀yìnwá! Kí ni mo fẹ́ fi àtẹ̀yìnwá ṣe? Mo fi àmì sí i. Kọ̀ǹpútà bi mí bóyá ó dá mi lójú. Ó dá mi lójú. Inú mi dùn bí mo ṣe ń wò ó tó ń gbá a lọ, mo sì dìde lọ po tíì. Ẹ wo òmùgọ̀: tíì ni mo ń mu lọ́wọ́ nígbà tí iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá ń ṣègbé.

Ní ọjọ́ kejì, Àlímátù dé.

"Bá mi ṣí èyí tí mo fi ẹyẹ sí létí," ó ní. "Haleemah ń dúró dè mí nílé."

Mo ṣí ibi tí àwòrán máa ń wà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Jedidiah sọ sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà: fódà Windows.old yẹn ni mo gbá dànù lánàá.

"Kí ló dé, Saidat?"

"Àǹtí mi," mo ní, "ó dà bíi pé ọmọ tó tún un ṣe yẹn ti nu gbogbo ẹ̀ dànù."

Bí irọ́ náà ṣe já bọ́ lẹ́nu mi nìyẹn. Ká ní mo mú sùúrù díẹ̀, bóyá òótọ́ ni ì bá jáde.

Àlímátù kò tilẹ̀ jókòó. A wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Òkè-Ìléwó. Níwájú àwọn oníbàárà ló ti da ọ̀rọ̀ bo Jedidiah.

"Ìwọ tó o ba iṣẹ́ ọwọ́ mi jẹ́," ó pariwo, "ìwọ náà ò ní jèrè iṣẹ́ ọwọ́ ẹ!"

Jedidiah yíjú sí mi. "Mọ́mì, ṣebí mo sọ fún yín pé wọ́n wà nínú..."

"O ò sọ nǹkan kan fún mi."

Mo mọ ohun tó pa á lẹ́nu mọ́. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé kò ní dúró ní gbangba kó pe àgbàlagbà ní òpùrọ́, pàápàá tíṣà. Ẹ̀yìn ẹ̀kọ́ tí ìyá ọmọ náà kọ́ ọ ni mo sá pamọ́ sí.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Bóyá mo gbàgbé ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn án mọ́. Ẹ gbé e wá lónìí kí n bá yín wò ó."

"O ò ní fọwọ́ kàn án mọ́ láé!" mo yára dáhùn. Mo mọ̀ pé bó bá wò ó, á mọ ọwọ́ tó ṣe é.

Àlímátù rò pé tìtorí òun ni mo ṣe ń bínú tó bẹ́ẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú títí a fi délé.

Ó lé ní oṣù kan tí mo fi gbé irọ́ náà mì. Àlímátù sọ fún gbogbo Ìtòkú pé kí wọ́n má gbé nǹkan fún Jedidiah mọ́. Èmi ń lo kọ̀ǹpútà mi, mo ń gba update, mo ń kó wáàsí sínú rẹ̀. Bí mo bá lọ sí Ìjẹmọ̀, n óò bá òun àti Haleemah nídìí aṣọ. Ìyẹ́ adìyẹ á máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀kọ á kán sílẹ̀, á ní, "Kì í ṣe báyìí ló rí," á sì ká aṣọ náà kúrò nílẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, bó ṣe kírun tán, ó sọ fún mi pé, "Lẹ́yìn gbogbo ìrun ni mo ń fi ọmọ kọ̀ǹpútà yẹn sùn lọ́dọ̀ Ọlọ́run."

N kò lè gbé e mọ́. Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹní rẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ká ẹní náà nílẹ̀.

"Ti àwòrán rọrùn," ó ní. "Èpè tí mo gbé ọmọ ọlọ́mọ ṣẹ́ ńkọ́, Saidat? Lọ gbé kọ̀ǹpútà ẹ."

Kò sí oníbàárà kankan ní ṣọ́ọ̀bù Jedidiah nígbà tí a débẹ̀. Àlímátù, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, di tábìlì mú, ó sì kúnlẹ̀. Jedidiah fò dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Mọ́mì! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́!" Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀. Èmi tí mo jẹ̀bi ni mo dúró, mo gbé kọ̀ǹpútà dání, ojú ń tì mí gan-an.

Ó tó wákàtí kan tí Jedidiah fi ń wá inú rẹ̀. Ìlàjì àwòrán kan ló rí, èyí tó kù ti bàjẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, Àlímátù ló bá sọ̀rọ̀, kò wo ojú mi.

"Mà, ohun téèyàn bá pa rẹ́ nínú irú kọ̀ǹpútà àtijọ́ yìí kì í lọ lójú ẹsẹ̀. A ṣì lè rí i kó, àfi tí nǹkan mìíràn bá ti gun orí ẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má tàn án nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ wá yẹn, gbogbo ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Ká ní ó bú mi ni, ì bá tù mí lára. Ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe, ó sì ní kí Jedidiah bá òun dá kẹ̀kẹ́ dúró.

"Ṣé ẹ̀yin méjèèjì ni, mà?" Jedidiah bi í.

"Rárá," ó ní. "Èmi nìkan ni."