Omi Tí Oníṣẹ́ Mu

"Wọ́n ní Nabawiya ni ó..."

"Níbo?"

"Nídìí ààrò. Ó ní kóun fa pòròpórò yọ, àfi bí àkeekèé ṣe..."

"Yéè! Ṣé kì í ṣe òun náà ló bú Ṣéù Dardiri lọ́jọ́sí? Ó ní itọ́ lásán ni omi..."

"Háà. Ẹnu rẹ̀ ló kó bá a."

Láti orí òrùlé kan dé èkejì ni ọ̀rọ̀ náà ń fò, bí Wagida, ọmọ Nabawiya, ṣe ń sáré kọjá nísàlẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ṣéù. Kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Oníṣẹ́ àkeekèé kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é láti ayé àwọn baba ńlá wọn: ẹni tó wá jẹ́ṣẹ́ ni Ṣéù ń fún ní omi àdúrà mu, ara ẹni tí àkeekèé ta á sì tutù nílé. Títí oníṣẹ́ á fi padà, tí oòrùn á sì wọ̀, ẹni tí àkeekèé ta kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà.

Bakri, àbúrò bàbá Wagida, ti gbé mọ́tò akẹ́rù dé iwájú ilé, ó fẹ́ gbé Nabawiya lọ gba abẹ́rẹ́ nílé ìwòsàn ìlú Isna. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà Hamida, ìyá bàbá Wagida, ti jókòó di ẹnu ọ̀nà gbagidi. "Òkú mi ni ẹ ó kọ́kọ́ gbé kọjá." Nínú ilé, Nabawiya ń làágùn bí ìkòkò omi, ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, kò lè gbèjà ara rẹ̀ mọ́.

Ṣéù Dardiri wà lórí ẹní lábẹ́ igi déètì. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí ọmọ náà.

"Ẹ wò ó! Àwọn tó ń kórìíra itọ́ ti dé. Òùngbẹ ń gbẹ yín ni?"

"Fi ọmọ sílẹ̀, Fawziya." Ṣéù bu omi sínú àwo bàbà, ṣùgbọ́n kò tíì ka nǹkan kan sí i. "Wagida, omi kì í jẹ́ fún oníṣẹ́ tó bá purọ́. Kí ni ìyá rẹ sọ nípa mi?"

Wagida kì í gbójú sókè níwájú àgbà. Bí àlejò bá wọlé, ẹ̀yìn àpò àgbàdo ló máa ń sá sí. Bó bá sọ òtítọ́, bàbá yìí lè da omi náà nù. Bó bá purọ́, omi kò ní jẹ́.

"Baba, ìyá mi kò dárúkọ itọ́. Ó ní, 'Omi Ṣéù dára, ṣùgbọ́n oró àkeekèé kì í dúró de oníṣẹ́. Ẹ bi Ṣéù léèrè nípa Ihsan.'"

Ihsan ni ọmọbìnrin Ṣéù tó kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Fawziya mí kanlẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wọn. Bàbá náà gbé àwo kalẹ̀ gbì, omi ta sí i lẹ́sẹ̀. Mo ti ba nǹkan jẹ́, ni Wagida ń rò. Àfi bí Ṣéù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kàdúrà wùyẹ̀wùyẹ̀ sí omi náà, tó na àwo sí i. Wagida mu ún tán. Ṣéù wá fà á mọ́ra, ó rán an níṣẹ́, ó sì ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì kó má baà já ẹyọ kan sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ délé.

"Wọ́n ní Ṣéù lé e..."

"Ó da omi náà sílẹ̀, wọ́n ní..."

Ẹsẹ̀ Nabawiya ń jà bí ti ẹran tí wọ́n dè.

"Ṣé o mu ún?" Ìyá Àgbà kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo mu ún, mà."

"Ó dọwọ́ Ọlọ́run. Ó ku kí oòrùn wọ̀. Bakri, pa mọ́tò rẹ."

"Ìyá Àgbà, Ṣéù rán mi sí yín."

"Sọ ọ́ sókè! Kí àwọn ẹlẹ́nu gbogbo yìí gbọ́."

Wagida gbójú sókè, ó wo ìyá bàbá rẹ̀ lójú.

"Ó ní, 'Nabawiya kò purọ́ mọ́ mi. Nígbà tí àkeekèé ta Ihsan, mo tì í mọ́lé, mo ń kàdúrà lé e lórí, mọ́tò wà níta. Oòrùn ò tíì wọ̀ tó fi kú. Àwọn baba wa kò ní mọ́tò ni wọ́n ṣe ní ká máa jókòó. Hamida, dìde lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ gbé e. Èmi á máa kàdúrà títí ẹ ó fi dé Isna.'"